Bí mo ṣe tú qBittorrent sílẹ̀ lọ́wọ́ ráútà ilé wa

Mo ń fi qBittorrent, ètò tó ń gba fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn tó sì ń fún wọn padà, gba fáìlì Ubuntu (ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sílẹ̀, ó ń wọ́ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ fídíò ń ṣí wàrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Àmì tó wà nísàlẹ̀ qBittorrent ló tú àṣírí: iná aláwọ̀ ọsàn ló wà níbẹ̀ dípò púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ewé. Ìyẹn ni pé àwọn kọ̀ǹpútà ìta kò lè wá bá tèmi, àfi kí tèmi wá wọn lọ.

Mo wọ inú ráútà ní 192.168.1.1, mo wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn àdírẹ́sì tí ráútà ń lò sí ìta. Ẹ má fo ibí yìí o! Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, CGNAT ni wọ́n fi yín sí, níbi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń pín àdírẹ́sì ìta kan lò, port (ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà gba ìsopọ̀) tí ẹ bá ṣí kò ní dé ìta. Tèmi kò sí níbẹ̀.

Mo fún kọ̀ǹpútà mi ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, mo wá fi Port Forwarding, ibi tí a ti ń sọ fún ráútà kọ̀ǹpútà tí yóò darí ohun tó wọlé sí, darí port qBittorrent sí i, fún TCP àti UDP, ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn. Mo pa UPnP, tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ fúnra wọn ṣí port, torí mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan máa ṣílẹ̀kùn láìsọ fún mi. Àmì náà di aláwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá ti ń sáré, ìpè WhatsApp ìyàwó mi á máa já. Upload, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà mi ń fi ránṣẹ́ síta, ló gba gbogbo àyè. Mo dín in kù sí bí ìpín 80 nínú 100 agbára rẹ̀, mo sì gé iye ìsopọ̀ láti 500 sí 150, torí ráútà kékeré kì í lè gbé èrò tó pọ̀ tó yẹn. Ìpè kò já mọ́.