Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ àpáta síwájú dispute board l'Abuja

Àwọn àbúrò mi tó ń ṣe QS, àwọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ìkọ́lé, máa ń bi mí pé ṣé dispute board yìí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ aáwọ̀ lórí kọ́ńtíráàtì, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ àbí àwọn àgbà kan kàn ń jẹ owó ni. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n tí ìwé ẹ bá pé.

Iṣẹ́ gọ́tà ìjọba ni, lápá Katampe, FIDIC 1999, ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé ṣe, la fi ṣe kọ́ńtíráàtì ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa nígbà téńdà ní yẹ̀pẹ̀ pupa la máa bá títí dé ìsàlẹ̀. Katapílà ò tíì lọ jìnnà tó fi kan àpáta, eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì kán, a lọ rẹ́ǹtì kọmpirẹ́sọ̀, iṣẹ́ wá ń fà bí ìgbín, kíláyẹ́ǹtì sì ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Ẹnjiníà wọn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo Aso Rock lójoojúmọ́, ẹ ò mọ̀ pé àpáta wà l'Abuja?" Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ní láárí.

Lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ kọ. Clause 20.1 ò fúnni ju ọjọ́ 28 lọ láti fi tó wọn létí, tó bá kọjá, ẹ̀tọ́ ẹ ti lọ nìyẹn. Clause 4.12 la dúró lé, èyí tó ní kí wọ́n sanwó ohun tí kọ́ńtírákítọ̀ tó mọṣẹ́ ò lè rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi àti mallam tó jẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀ wọn á jọ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, èmi di orí tépù mú, òun di ìdí ẹ̀ mú, a wọn àpáta náà, a kọ ọ́, àwa méjèèjì á sáìnì lójú ewé kan náà. Òun gan-an ò gbà pé ó yẹ kí wọ́n sanwó o, ṣùgbọ́n ohun tí tépù bá sọ ló ń sáìnì. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn.

Àwọn mẹ́ta tó wà ní bọ́ọ̀dù, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń wá wo sáìtì, ìdajì owó wọn àwa la ń san, ìdajì kíláyẹ́ǹtì. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti lo irú ẹ̀ ní Eisenhower Tunnel ní 1975, ìmọ̀ràn lásán ni bọ́ọ̀dù máa ń mú wá. Tiwa yìí, tí wọ́n bá ti dájọ́, dandan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e ná, kódà tínú bá ń bí ẹ.

Nígbà tá a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú bọ́ọ̀dù, wọn ò tiẹ̀ pariwo. Alága kàn bèèrè pé trial pit téńdà wo, ìyẹn kòtò tí wọ́n gbẹ́ fi yẹ ilẹ̀ wò, ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, ó wá ń ka ewé tá a sáìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 84 ni wọ́n ní láti dájọ́. Wọ́n ní ibi tí àpáta ti yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ojú wa là sílẹ̀, a ò ní gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tó sápamọ́ sábẹ́ yẹ̀pẹ̀, kí wọ́n san iye tó ná wa kí wọ́n sì fún wa lásìkò sí i. Èrè ò sí níbẹ̀, bí 4.12 ṣe rí nìyẹn. Kíláyẹ́ǹtì tún ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé pé àwọn ò fara mọ́ ọn, wọn ò kọ ọ́, owó sì wọnú sẹtifíkéètì ìsanwó tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ráhùn lórí èrè yẹn títí a fi kúrò ní sáìtì.