Ẹsẹ̀ Wo Ló Ń Gbé Mi? Bí Mo Ṣe Kọ́ Tai Chi Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ

Ọdún 29 ni mo ti wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Tákíè. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń fi síni lára: ọrùn á tẹ̀ síwájú, èjìká á gòkè lọ bá etí, orúnkún tó ń tẹ máṣíìnì á máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwọn tó ń tọ́jú eegun ní kí n wá eré ìdárayá tí kò le. Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní LAUTECH ló wá fídíò tai chi, eré ìdárayá Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sórí fóònù mi. "Mọ́mì, àwọn àgbàlagbà ní Ṣáínà ni wọ́n ń ṣe é ní pápá láàárọ̀. Ẹ̀yin náà á lè ṣe é." Mo wò ó títí. Àgbàlagbà wo?

Oní-24, ìyẹn èyí tó ní ìṣísẹ̀ 24, ni mo mú, torí òun ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1956 ni ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ṣà á jọ látinú tai chi ti ìdílé Yang, èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ará ìlú lè tètè kọ́ ọ. Ìjà ni gbogbo rẹ̀ látilẹ̀ o, bó ti wù kó rí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó. Yang Luchan tó sọ orúkọ ìdílé náà di ńlá, ẹni tí wọ́n bí ní 1799, abúlé Chenjiagou ní Henan ló ti lọ kọ́ ọ. Téèyàn bá ṣe oní-24 bó ṣe yẹ, ìṣẹ́jú 5 tàbí 6 ni. Mo ní kí ni ìṣẹ́jú 6 fún ẹni tó ti rán agbádá láàárín òru ọjọ́ kan.

Orúkọ àwọn ìṣísẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Ẹyẹ funfun kan wà tó ń na ìyẹ́. Lékeléke ni mo ń pè é, kí wọ́n máà bínú. Àkùkọ wúrà wà tó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ọwọ́ kan ń rìn bí ìkùukùu. Omidan kan sì ń hunṣọ, tó ń ju òwú sọ́tùn-ún sósì gẹ́lẹ́ bí àwọn ahunṣọ òfì wa.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wo ọwọ́ nìkan. Ojú aránṣọ ni mo fi ń wò ó: ibi tí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ, ibi tí ìka dé, bí ẹni ń da aṣọ kọ. Kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, màá ti dúró níwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Ọwọ́ mi dára. Mo ya fídíò ara mi, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n orúnkún òsì tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ẹ̀ jáwọ́.

Ìgbà náà ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ti kàwé ní Ṣáínà kó ṣòkòtò wá kí n gé e. Ó bá mi lẹ́nu ìṣísẹ̀ kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní irun ọrùn ẹṣin igbó. Ó kí mi tán, ó dúró ń wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹsẹ̀ wo ló ń gbé yín báyìí?"

Mo ní, "Méjèèjì ni."

"Ẹ gbé ọ̀kan sókè, mà. Ẹ má yẹ ara o."

Mi ò lè gbé e. Kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ní láti kọ́kọ́ fi gbogbo ara tẹ̀ sósì bí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ dojú dé. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ó ní ìlànà kẹrin nínú 10 tí Yang Chengfu, ọmọ ọmọ Yang Luchan, fi lélẹ̀ nìyẹn: kéèyàn mọ ẹsẹ̀ tó kún yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Tí méjèèjì bá jọ ń gbé ẹrù, kò sí èyí tó lè ṣí.

Ó wá fi ibi tí orúnkún mi ti ń jìyà hàn mí. Ní ìṣísẹ̀ ẹṣin yẹn, tí ọwọ́ bá ti nà tán, tí ẹsẹ̀ òsì sì wà níwájú, òsì yẹn ni ara wà lé lórí jù. Kí ọ̀tún tó lè kọjá síwájú, ìka ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà síta. Èmi, bó ṣe wà nílẹ̀ ni mo ń yí i, pẹ̀lú gbogbo ara mi lórí rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ìbàdí ti yí lọ. Ta ni yóò jìyà àárín méjì? Orúnkún ni. Kíká àti nínà sì ni iṣẹ́ orúnkún, kì í ṣe kí a máa lọ́ ọ bí aṣọ tí a fẹ́ fún omi rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: màá kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, kí ara padà sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹrù bá kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú, ìka rẹ̀ á gbéra wẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni ìbàdí á yí i síta. Ara á wá rọra ṣàn padà sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fúyẹ́, á wọlé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n gbé e síwájú, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kanlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ lófìfo, bí ẹni ń fẹsẹ̀ tọ́ omi wò bóyá ó jìn. Ó dìgbà tó bá dúró dáadáa kí n tó gbé ẹrù lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí ìṣísẹ̀ kan yìí, láìlo ọwọ́ rárá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo fi téèpù wọn àárín wọn, ínṣì 8. Orí ìlà kan náà ni mo ti ń to ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, abájọ tí mo fi ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá wà lórí ìlà tirẹ̀, ara máa ń rí àyè jókòó. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ní kó máa pariwo "Dúró!" nígbà tó bá wù ú, kí n sì gbé ẹsẹ̀ tó ṣófo sókè lójú ẹsẹ̀. Ó gbádùn iṣẹ́ yẹn ju kó máa dá ihò bọ́tìnnì lọ.

Ti orí kò pẹ́ yé mi. Wọ́n ní kí orí dà bí ohun tí a fi okùn so rọ̀ látòkè. Okùn yẹn kò wọ̀ mí létí, àmọ́ mo rántí bí a ṣe ń ru omi nígbà tí a wà lọ́mọdé. Òṣùká wà lórí, garawa wà lórí òṣùká. Tí ọrùn bá sọ̀, omi á dà síni lẹ́yìn. Ọrùn á máa ti ẹrù sókè, èjìká á sọ̀ kalẹ̀, àgbọ̀n á wọlé díẹ̀. Mo gbé ìwé àwòrán aṣọ kan lé orí, mo rìn ín, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i. Ti èjìká ló yọ mí lẹ́nu, torí ẹni tó ti jó bàtá rí, èjìká rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé kó dákẹ́.

Níbi ọwọ́ ìkùukùu, mo dá ọgbọ́n kan fúnra mi. Mo wọ búláòsì tí bọ́tìnnì wà láàárín rẹ̀ gbọọrọ, mo ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, mo sì ń wo dígí: ibi tí bọ́tìnnì bá dojú kọ ni ojú mi ń lọ. Nígbà tí mo wá tú ọwọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé bọ́tìnnì. Àṣé ọwọ́ tí mo ti ń tọ́ bí ọmọ oṣù méjì yẹn, ìbàdí ló ni ín.

Ó lé díẹ̀ ní oṣù márùn-ún kí n tó ṣe oní-24 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo fóònù. Ìṣẹ́jú 4 ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ni pé mo ṣì ń sáré. Mo ti fà á dé 5 báyìí, orúnkún òsì kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi tí mo bá jókòó pẹ́ nídìí aṣọ ẹbí. Ìṣísẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ejò tó ń wọ́ sílẹ̀ nìkan ni mi ò bá wọn dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń lọ débi tí ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Èmi ń lọ débi gíga àpótí tí mo fi ń jókòó ránṣọ, màá sì yí padà níbẹ̀.