Mọ́tò dísẹ̀lì tí kì í fẹ́ sítáàtì láàárọ̀: ẹ kọ́kọ́ wo hítà plọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Hilux àtijọ́ tàbí 504 onídísẹ̀lì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Adó, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí oyẹ́ bá ti mú: kọ́kọ́rọ́ ń yí, èéfín funfun ń tú lẹ́yìn, mọ́tò ò dáhùn, tó bá wá jàjà dáhùn kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ títí dalẹ́. Hítà plọ́ọ̀gì, ìyẹn irin kékeré tó máa ń pọ́n nínú ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì kó lè dáhùn nígbà tó bá tutù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé bó gbóná náà kì í fẹ́ dáhùn, ẹ wo bátìrì, tàbí bóyá atẹ́gùn ń wọ páìpù dísẹ̀lì. Àwọn mẹkáníìkì kan á ti tú pọ́ǹpù kalẹ̀ ná, ẹ má gbà.

Iná kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé plọ́ọ̀gì ń gbóná, ẹ má fọkàn tán an o. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, táímà ló ń tàn án, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ti kú kó ṣì máa tàn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kí ẹnì kan ṣí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan irin pẹlẹbẹ tó so àwọn plọ́ọ̀gì pọ̀. Tí ò bá síná níbẹ̀, ẹjọ́ plọ́ọ̀gì kọ́, ẹ lọ wo fíúùsì ńlá àti rìlée, ìyẹn swíìṣì tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì, rìlée lè máa dún "kẹ́" kí ẹnu rẹ̀ sì ti jó nínú, iná á wọlé kò ní jáde, ẹ pe ríwáyà.

Tíná bá wà, ẹ tú irin yẹn kúrò pátápátá, torí tó bá ṣì so wọ́n pọ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó kú. Ẹ wá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó dáa kì í sábà ju ohm 1 sí 2 lọ, èyí tí mítà ò ka nǹkan kan lára rẹ̀ ti já nínú. Ẹ má sáré fi wáyà bátìrì kàn án o, àwọn kan 6V ni, 12V á jó o lójú ẹsẹ̀, ẹ ka ohun tó wà lára irin rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra òmíì.

Ẹ́ńjìnì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló dáa fún yíyọ rẹ̀. Ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, torí tó bá kán sínú, títú hẹ́ẹ̀dì ló kù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnu ọ̀kan ti yọ́, ẹ yẹ nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú sìlíńdà yẹn wò, ó lè máa kán dísẹ̀lì lé e lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́n pẹtiróòlù sẹ́nu fílítà atẹ́gùn kó lè dáhùn ńkọ́? Plọ́ọ̀gì tó ti pọ́n á ràn án, ó lè bú gbàmù mọ́ yín lójú.