Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọlidé àti Lífù Òṣìṣẹ́

Békírì, ilé ìtẹ̀wé, ṣọ́ọ̀bù ńlá, àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá: irú iléeṣẹ́ tí mo ń bá to ètò ìsinmi òṣìṣẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń bí mi nínú lọ́dọọdún. Owó tí ọ̀gá ń pàdánù nígbà ọlidé kì í sábà jẹ́ ti ọjọ́ ọlidé fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni owó ń bá lọ. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn láti oṣù kìn-ín-ní, bó bá jókòó tí kàlẹ́ńdà bá tirẹ̀.

1. Ẹ má ka ọlidé mọ́ lífù òṣìṣẹ́. Abala 18 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá láìdáwọ́ dúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Ọjọ́ iṣẹ́ ni òfin pè é. Ọjọ́ tí ìjọba ní kí tẹrú tọmọ jókòó sílé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Bí ọmọọṣẹ́ bá wà ní lífù tí Ọjọ́ Òmìnira bọ́ sáàárín rẹ̀, ẹ dá ọjọ́ kan padà fún un, kí ẹ má jẹ́ kó bẹ̀ yín kí ẹ tó ṣe é.

2. Ẹ má fowó ra lífù. Abala kan náà ló kà á léèwọ̀ kí wọ́n san owó dípò ìsinmi yìí fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

3. Ẹ yéé da kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kọ. Láti 2019 ni Ọjọ́ Ìjọba Àwarawa ti kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, mo ṣì ń rí iléeṣẹ́ tó kọ ti àtijọ́ sára ògiri. Lóòótọ́, ìjọba fún wa ní ọjọ́ 29 ní 2023 nítorí ìbúra ààrẹ, àmọ́ ti ọdún náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlidé tó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ní 2022, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà bọ́ sí Àìkú, ìjọba gbé ìsinmi lọ sí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ Òmìnira ọdún kan náà bọ́ sí Àbámẹ́ta, Ajé ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ni a jókòó sílé. Ní 2027, Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà àti Kérésìmesì ni yóò bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ẹ ti fi àmì sí àwọn ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé wọn láti ìsinsìnyí, kí ẹ má gba iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ má dúró de ìkéde lórí ọdún tó ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, ìyẹn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ àti Iléyá. Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀.

Gbólóhùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ni pé, “A ò lè ṣètò, a ò tíì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa túnu.” Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ná wọn lówó. Ẹ wo ọjọ́ tí a túnu ààwẹ̀ nílẹ̀ yìí: ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ní 2022, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ní 2023, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ní 2024, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ní 2025. Nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ ti ọdún yìí ti mọ ọ̀sẹ̀ tí ti ọdún tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí.

Nígbà tí ààwẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì péré ló ṣẹ́ kù tí ọdún lè jẹ́. Oṣù ààwẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń wá oṣù. Bí wọ́n bá rí i, tí Sultan Ṣókótó sì kéde, ọdún di ọ̀la. Bí wọn kò bá rí i, ó di ọ̀túnla. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ọjọ́ méjèèjì ni kí ẹ gé sọ́tọ̀, kí ẹ fi ọjọ́ tó tẹ̀lé wọn kún un, kí ẹ má gba ọ́dà kankan sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọdún bá yá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ óò jèrè ọjọ́ iṣẹ́ kan, ìyẹn kò sì ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ti kéde Ìṣẹ́gun ọjọ́ 9 àti Ọjọ́rú ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Wọn kò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n, ọdún bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba bá fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Àlàájà kan tó ní békírì ní apá Agége ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ padà, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Lálẹ́ Ọjọ́rú, àwọn bíi mélòó kan tó ń gbé nítòsí wá po ìyẹ̀fun, wọ́n fi yíìsì sí i, wọ́n bo ọpọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ń gé e, àwọn tó ń tò ó sínú páànù, ẹni tó ń dáná, kò sí ẹni tó yọjú nínú wọn. Lójú tiwọn, ìjọba ti yọ̀ǹda Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, ìyẹ̀fun náà ti wú kọjá etí ọpọ́n, ó ti rọ̀ wọlẹ̀ padà, ó ń rùn kíkan bí ẹmu àná. Wọ́n fi abọ́ bù ú dànù, àwọn ọlọ́kadà tó fẹ́ kó búrẹ́dì lọ sí ìsọ̀ dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń wò wọ́n. Àlàájà ń bú àwọn ọmọọṣẹ́, ó ní òun yóò gé owó wọn. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin fúnra yín gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ lẹ ti mọ̀ pé ọdún lè bọ́ sí Ọjọ́rú. Ta ló ń túnu lónìí tó ń wá síbi iṣẹ́ lọ́la?” Àlàájà dákẹ́. Kò gé owó ẹnikẹ́ni, mo sì yìn ín fún ìyẹn.

Ti Iléyá tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi yé mi bó ṣe ń bá èèyàn lójijì. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijjah, oṣù tó gbẹ̀yìn nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, ni Iléyá. Bí wọ́n bá ti rí oṣù yẹn lókè, ẹ ti ní ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lọ́wọ́. Ọ̀gá tó bá ń sáré kiri lálẹ́ Iléyá ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣòfò.

Ẹ sì má wo ọjọ́ ìjọba nìkan. Bí ẹ bá ní ọmọ Ìjẹ̀bú lábẹ́ yín, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní 2023, Iléyá bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba fún wa ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Ojúde Ọba, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra aṣọ, tí wọ́n ti ń múra láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò lè ní kó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Yóò kúkú ní ara òun kò yá. Ẹ bi í léèrè ṣáájú, ẹ fún un ní lífù ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tán.

Ní 2025 ńkọ́? Iléyá bọ́ sí Ẹtì ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ìjọba fi Ajé ọjọ́ 9 kún un, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 sì ni Ọjọ́ Ìjọba Àwarawa. Ẹ bá mi kà á. Ẹni tó bá gba lífù Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ọjọ́ mẹ́ta péré, yóò wà nílé láti ọjọ́ 6 títí di ọjọ́ 15, ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn ọmọọṣẹ́ ti ka èyí tán kí ọ̀gá tó ṣí kàlẹ́ńdà. Iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe “ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé ló ni ín” yóò rí i pé àwọn ará ọ́fíìsì ló kó gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣe ṣíìfù lórí ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èèyàn síbi tí ojú ti lè tó o. Ẹni tó bá jẹ ìsinmi gígùn nígbà Iléyá yóò yọ̀ǹda ti Kérésìmesì fún ẹlòmíì, èyí tó bá sì jẹ ti Kérésìmesì yóò dúró nígbà Àjíǹde.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn àṣìṣe tó kù. Pípín ọlidé sí ti Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì. Ó dùn lẹ́nu: kí Mùsùlùmí ṣiṣẹ́ nígbà Kérésìmesì, kí Kírísítẹ́nì ṣiṣẹ́ nígbà Iléyá. Ibòmíràn ni ìyẹn ti lè ṣiṣẹ́, kì í ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Akọ̀wé tó ń kọrin nínú kọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lè ní ìyá tó jẹ́ Àlàájà, wọ́n sì ń retí rẹ̀ nílé láti bá wọn gé ẹran Iléyá. Dẹ́rẹ́bà tó ń kírun wákàtí márààrún lè ní ìyàwó tó jẹ́ Kírísítẹ́nì. Ẹ bi olúkúlùkù pé ọjọ́ wo ló ṣe pàtàkì sí i jù láàárín ọdún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn wọn máa yà yín lẹ́nu.

Kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀ka. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Ní 2023 tó bọ́ sí Àìkú, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni Èkó àti Ọ̀ṣun fi sinmi. Kì í ṣe ọlidé ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka yín ní Àbújá yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ tún máa ń sinmi nítorí ọdún tuntun Mùsùlùmí, Híjírà. Ẹ wo ìpínlẹ̀ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì pinnu ṣáájú bóyá ẹ óò ṣí tàbí ẹ óò tì. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orí WhatsApp ni ẹ óò ti máa jiyàn ní aago mẹ́wàá òru. Ẹni tó bá ń ra ọjà láti Kútọnú náà, ẹ rántí pé ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni òmìnira Bẹ̀nẹ̀. Ti Tógò jẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹrin.

Ìlú tó bá ń ṣe Orò, bí Ìkòròdú, ẹ bi àwọn obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ léèrè ọjọ́ tí wọn kò ní lè jáde. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n sá níṣẹ́.

Owó oṣù tó dé lẹ́yìn ọdún. Àgbò kì í dúró de ọjọ́ 28. Bí Iléyá bá bọ́ sí àárín oṣù, ẹ san ìdajì ṣáájú fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Àjẹmọ́nú tí wọn kò kọ sílẹ̀. Iye tí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé yóò gbà, àti ọjọ́ tí wọn yóò fi dá ìsinmi rẹ̀ padà, inú ìwé ni kó wà kí ọjọ́ tó pé.

Máígádì. Gbogbo èèyàn lọ sílé, òun nìkan ló ń ṣọ́ ọgbà láti ọjọ́ Ẹtì títí di Ìṣẹ́gun. Òfin Iṣẹ́ kan náà fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ìsinmi nínú ọjọ́ méje méje. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kejìlá. Àwọn tí ilé wọn jìnnà, tí wọ́n ń lọ sí ìlà oòrùn tàbí òkè ọya, kò lè dúró di ọjọ́ 24. Owó ọkọ̀ á ti fò sókè, ibi ìjókòó á ti tán ní gáréèjì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kí oṣù kẹwàá tó parí. Àwọn tí ilé wọn wà nítòsí, bí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ni kí ẹ fi sórí iṣẹ́ láti ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 24, kí àwọn náà gba tiwọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìn-ín-ní.