Kí Ẹ Tó Lu Dáṣíbọọ̀dù Ìjàpá Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Géèjì Àfikún

Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mítà eré ló wà lójú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀, àti géèjì epo, àti iná kéékèèké mélòó kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1962 kò tilẹ̀ ní géèjì epo. Tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́sẹ̀, awakọ̀ á yí ọwọ́ kékeré kan nísàlẹ̀ kó lè fi ìyókù epo inú táǹkì délé.

Nítorí náà, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni wí tó bá fẹ́ fi géèjì kún un. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rádíétọ̀, kò lómi. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń mú un tutù, ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà méjì ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bí ọ́ìlì yẹn ṣe gbóná tó àti bí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ṣe tó ti mọ púpọ̀ nípa ìlera ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ìjàpá tó ti fi ogójì ọdún rìn láìsí géèjì, géèjì náà ló wá ń pa á, nítorí bí wọ́n ṣe so ó.

Ihò ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹni tó bá ra géèjì mẹ́ta á gbé dírílì, á lu ihò mẹ́ta. Irin ni dáṣíbọọ̀dù Ìjàpá, ara kan náà lòun àti bọ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ dí ihò náà lọ́jọ́ iwájú á pe páńẹ́bítà, á tún pe ẹni tó máa kùn ún. Èyí tó tún léwu jùyẹn lọ ni ohun tó wà lẹ́yìn irin náà. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táǹkì epo Ìjàpá wà, kò sì jìnnà sí dáṣíbọọ̀dù rárá. Wáyà àti mọ́tò wáípà sì kún ibẹ̀. Férémù irin kékeré wà tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù tí géèjì méjì mẹ́ta ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹ lo ìyẹn. Ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ tú u, ọkọ̀ á sì padà sí bó ṣe wà.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́ ni géèjì pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì.

Lápá òsì ẹ́ńjìnnì, nítòsí dìsìtíríbútọ̀, ni súwíìṣì kékeré tó ń tan iná ọ́ìlì wà. Ihò rẹ̀ náà ni sẹ́ńdà géèjì, ìyẹn ohun tó ń wọn pírẹ́ṣọ̀ tó sì ń fi ránṣẹ́ sí géèjì, máa lò. Tẹ́ẹ̀dì ihò yẹn, ìyẹn ìlà yíyí tí wọ́n gé sínú rẹ̀, jẹ́ M10x1 ti mìlímítà, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọlé. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńdà tó wà lọ́jà, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, jẹ́ 1/8 NPT, tẹ́ẹ̀dì páìpù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ á wọlé bíi yíyí kan tàbí méjì, á wá há. Ẹni tí kò mọ̀ á fi sípánà fún un. Irin ara ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe irin líle, àdàpọ̀ mágnísíọ̀mù ni, kíá ló sì máa ń là. Tó bá ti là níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ní láti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ńdà tó bá tẹ́ẹ̀dì yẹn mu gan-an ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ ra irin àárín tó máa so méjèèjì pọ̀. Tó bá ti fún díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi téèpù funfun àwọn pílọ́ńbà wé e. Sẹ́ńdà oníwáyà kan ń gba ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, láti ara irin tó wọ̀, téèpù sì lè dí ẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá já wẹ́wẹ́, inú ojú ọ̀nà ọ́ìlì ló ń lọ.

Èmi fúnra mi ti jìyà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi ra Ìjàpá tuntun ní 1977, ọkọ̀ náà sì kàn mí. Rìwáyà tí mo gbé e fún so idẹ tó rí bíi lẹ́tà T mọ́ ihò yẹn, ó fi súwíìṣì sí apá kan, ó fi sẹ́ńdà ńlá sí apá kejì. Sẹ́ńdà yẹn wúwo, gbogbo ìgbà ló sì ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di oṣù kẹta, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọrùn sẹ́ńdà kán. Ọ́ìlì ń tú dà sójú títì. Sẹ́ńdà ń fì dirodiro lórí wáyà rẹ̀, kò sí ẹ́ẹ̀tì mọ́, ọwọ́ géèjì bá lọ sókè pátápátá. Mo bojú wò ó, mo ní pírẹ́ṣọ̀ dára. Iná ọ́ìlì kò tàn, nítorí rìwáyà ti yọ wáyà rẹ̀. Ó ní géèjì ti wà, kí la tún ń fi iná ṣe? Ìró ẹ́ńjìnnì ló sọ fún mi, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́.

Ohun méjì ni mo kọ́ níbẹ̀. Ẹ má gbé ohun tó wúwo lé ihò yẹn lórí. Páìpù rírọ̀ tí wọ́n fi wáyà hun ara rẹ̀ ni kó jáde láti ibẹ̀, kí sẹ́ńdà wà lára bọ́dì pẹ̀lú wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹ má sì pa iná ọ́ìlì láéláé. Ojú yín ni géèjì ń dúró dè, iná ló ń pè yín. VDO, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe géèjì, ń ṣe sẹ́ńdà olórí méjì: orí tí wọ́n kọ G sí jẹ́ ti géèjì, èyí tí wọ́n kọ WK sí jẹ́ ti iná ìkìlọ̀. Méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Irú géèjì kan wà tí kò lo iná mànàmáná, tó jẹ́ pé ọ́ìlì gan-an ló ń gba inú páìpù tín-ín-rín wá sídìí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, awakọ̀ wà níwájú. Ẹ ronú ohun tí ọ́ìlì gbígbóná máa ṣe tí páìpù yẹn bá já nítòsí ẹsẹ̀ yín. Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ọkọ̀ yìí.

Sẹ́ńdà àti géèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Sẹ́ńdà pírẹ́ṣọ̀ VDO máa ń ka nǹkan bí ohm 10 (òṣùwọ̀n ìdènà iná) tí pírẹ́ṣọ̀ kò bá sí, á sì gòkè sí nǹkan bí 180. Ti Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 240, á wá máa wálẹ̀ sí 33. Tí ẹ bá so sẹ́ńdà ọ̀kan mọ́ géèjì èkejì, òdì ni géèjì á máa sọ. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ mú mítà ìdánwò dání, kí ẹ wọn sẹ́ńdà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti wáyà, ẹ kọ́kọ́ tú ẹ́ẹ̀tì bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, bí ẹ bá sì ti parí, ẹ bo orí rẹ̀ dáadáa, nítorí irin ìjókòó tó bá kàn án ti dáná sun ọkọ̀ rí. Àwọn ará Jámánì kọ nọ́ńbà sí ẹnu wáyà: 30 ní iná nígbà gbogbo, 15 ní iná tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, 31 ni ẹ́ẹ̀tì. 15 ni kí ẹ ti mú iná géèjì, kí fíúsì kékeré sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó mú un láti 30 á jí bá bátìrì tó ti kú. Géèjì tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ń lọ sí ẹnu 1 lára kọ́ìlì, kì í ṣe 15. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó láti 1975 jẹ́ volt 12, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ ṣáájú 1967 jẹ́ volt 6. Ẹ wò ó kí ẹ tó rajà. Mítà volt ni kí ẹ rà, kì í ṣe ammeter, mítà tó ń ka iye iná tó ń ṣàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iná ọkọ̀ ló ń gba inú ammeter kọjá, wáyà gígùn àti rìwáyà aláìnísùúrù sì lè sọ ọ́ di iná gidi.

Àwọn tó fẹ́ mọ ooru orí ẹ́ńjìnnì máa ń fi òrùka oníwáyà tó ń mọ ooru sábẹ́ púlọ́ọ̀gì. Sìlíńdà kẹta ni kí ẹ fi sí, nítorí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ọ́ìlì kúlà, ìyẹn ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, ń dí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ má gé wáyà òrùka yẹn, ẹ má sì fi wáyà lásán mú un gùn sí i; ohun tó ń kà á yí padà.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dára tán, ìbẹ̀rù ló kù. Ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ mítà volt á wálẹ̀, nítorí dáínámò kì í fi bẹ́ẹ̀ rán iná sí bátìrì tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí. Pírẹ́ṣọ̀ náà á wálẹ̀ tí ọ́ìlì bá gbóná. Òṣùwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì Ìjàpá ń lò ni psi 10 (psi ni òṣùwọ̀n pírẹ́ṣọ̀) fún ìyípo ẹ́ńjìnnì 1,000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí ọwọ́ géèjì ga kí ẹ da ọ́ìlì tó ki jù sí i. Ọwọ́ géèjì á ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, ọ́ìlì yẹn á pẹ́ kó tó dé ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ kọ ohun tí ọkọ̀ tiyín ń kà sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Ti bàbá mi, lẹ́yìn tí mo tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, jẹ́ psi 40 lówùúrọ̀, 28 lójú ọ̀nà, 9 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìwé náà wà nínú àpò ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó bá ka 20 lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ́ìlì kan náà, màá páàkì.