Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Ẹni Tó Ń Po Ike Tí Kò Bára Mu

Block copolymer, ìyẹn okùn mólékù tí wọ́n fi abala ike oríṣiríṣi so pọ̀, kì í sọ ike méjì tí kò bára mu di ọ̀kan. Alárinà ni: ó ń jẹ́ kí ẹ̀kán ike kan wà ní kéékèèké nínú èkejì, kí ibi tí wọ́n ti fara kanra má sì ya.

1. Ríra alárinà tí kò mọ ẹbí kankan. Èyí ló ń bí ni nínú jù, torí owó ńlá ló ń bá a lọ. Abala kọ̀ọ̀kan lára copolymer gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan nínú àwọn ike yín tan. SEBS, ọ̀kan nínú àwọn alárinà yìí, ní PS (polystyrene) ní orí méjèèjì, rọ́bà ethylene-butylene wà láàárín. Ó dára fún PS pẹ̀lú PE (polyethylene, ike ọ̀rá) tàbí PP (polypropylene). Ẹni tó dà á sáàárín PE àti PP nìkan, ta ni orí PS yẹn fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Rọ́bà lásán lẹ rà: ike á rọ̀, líle rẹ̀ á dínkù. Fún PET (ike ìgò omi) àti PE, SEBS tí wọ́n so maleic anhydride mọ́ ni kí ẹ béèrè. Anhydride yẹn ló ń dì mọ́ orí okùn PET, tí àárín SEBS á sì wọnú PE.

Ẹ béèrè gígùn abala náà pẹ̀lú. Abala kúkúrú kò lè lọ́ mọ́ okùn ike tó yí i ká. Bí wọ́n bá fà á, á yọ bọ́rọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell àti ti Minnesota ní Amẹ́ríkà fi copolymer oníabala mẹ́rin, PE àti PP tó ń tẹ̀lé ara wọn, sínú àdàlù PE 70 sí PP 30. Ìdá 1 nínú 100 péré ló sọ ohun tó ń ṣẹ́ kíá di èyí tó ń nà dáadáa.

2. Dídà á jù. Bí ojú ìpàdé ike méjèèjì bá ti kún fún alárinà, èyí tó ṣẹ́ kù á kóra jọ sínú ike láìṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 2 nínú 100, ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àyẹ̀wò ìkọlù kò ti yàtọ̀ mọ́, ẹ dúró níbẹ̀.

3. Fífi PET tí kò gbẹ sẹ́nu ẹ̀rọ. Kí omi inú rẹ̀ má ju 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan) lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gé okùn mólékù rẹ̀.

SBS, ìbátan SEBS tí rọ́bà butadiene wà láàárín rẹ̀, níbi ooru tí PET ń yọ́? Rárá o. SEBS ló lè fara dà á.

Ẹ wo bí ike kọ̀ọ̀kan ṣe ki tó nígbà tó bá yọ́: ike tó bá fi nǹkan bí ìlọ́po 4 ki ju èyí tó yí i ká lọ kì í fẹ́ fọ́ sí ẹ̀kán, bó ti wù kí alárinà pọ̀ tó.

Ẹ má sì fi ojú hóró ike tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ṣe ìdájọ́. Ẹ tún un yọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ dà á sínú móòdù, kí ẹ tó dán an wò. Ẹ̀kán tí alárinà kò dì mú á ti para pọ̀ di ńlá nígbà náà, ibẹ̀ ni ike á sì ti ṣẹ́.