Béèyàn ṣe lè mọ ibi tí zooplankton ń gbé nínú òkun oníyìnyín, látòkè dé ìsàlẹ̀

Tẹ́ẹ bá ju àwọ̀n kan ṣoṣo sínú òkun Arctic tẹ́ẹ wá fà á látìsàlẹ̀ wá sókè, zooplankton, ìyẹn àwọn ẹranko kéékèèké tó ń léfòó kiri nínú omi, máa kún inú ẹ̀ o, àmọ́ ẹ ò ní mọ èyí tó ń gbé lókè àtèyí tó wà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo MultiNet, àwọ̀n márùn-ún lórí férémù kan, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gòkè bọ̀.

Kẹ́ẹ tó jù ú, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CTD sílẹ̀, òun ló máa sọ bí omi ṣe tutù tó àti bí iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láàárín Arctic, omi òkè ló tutù jù, tẹ́ẹ bá ti lọ kọjá nǹkan bíi 200 mítà ẹ máa kan omi tó wá látinú Atlantic, ìyẹn sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ju ti òkè lọ (bẹ́ẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́). Ibi tí omi bá ti yí padà ni kẹ́ẹ ti pààrọ̀ àwọ̀n, ẹ má kàn pín in lọ́gbọọgba. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé e sí 1500, 1000, 500, 200 àti 50 mítà, wọ́n á wá rọra fà á wá sókè.

Ìgbà tẹ́ẹ lọ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà ìrúwé, òkè làwọn Calanus (irú zooplankton kan) máa ń wà, wọ́n ń jẹ ewé omi kéékèèké títí wọ́n á fi sanra, tó bá wá di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á rì lọ sísàlẹ̀ lọ sùn, wọn ò ní jẹun mọ́. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni Calanus hyperboreus, ọ̀rá tó tọ́jú sára ló fi ń yé ẹyin nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà òtútù, láìjẹ nǹkan kan, ẹyin náà á wá léfòó lọ sókè fúnra ẹ̀. Metridia longa, irú míì, ò sùn ní tiẹ̀, ẹ máa rí i tó ń rìn kiri nígbà òtútù. Oithona similis, irú míì tún nìyẹn, wà lókè dáadáa, àmọ́ ó kéré débi pé tójú àwọ̀n yín bá jẹ́ 200 máíkírọ́nù (0.2 mílímítà), púpọ̀ nínú ẹ̀ á jò lọ, ẹ wá àwọ̀n tójú ẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ àsìkò tí oòrùn kì í yọ rárá, ẹ pa gbogbo iná ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Iná yẹn nìkan ń da zooplankton láàmú títí dé nǹkan bíi 200 mítà nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n sá lọ lẹ máa wá kọ sílẹ̀ bíi pé ilé wọn ni. Òṣùpá náà ń lé wọn, tó bá ti mọ́lẹ̀ kedere wọ́n máa ń sá lọ sí bíi 50 mítà, torí náà ẹ kọ ọjọ́ orí òṣùpá síwèé pẹ̀lú.

Àwọ̀n kọ̀ọ̀kan nígò tiẹ̀, ẹ fi fọ́málìn 4% sí i kó má bàa jẹrà, kẹ́ẹ fi pẹ́ńsù kọ jíjìn omi náà sórí bébà tẹ́ẹ máa jù sínú ìgò, torí bírò á parẹ́.